Orí Tábìlì Ta Ni Ìwé Wa Wà?

Lẹ́tà ṣíṣí sí Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, Aláùsá, Ìkẹjà

Ọ̀gá wa àgbà,

Mo mọ bí ìwé ṣe ń ga lórí tábìlì yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo wá tọrọ kí n tó rojọ́ kankan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo pọ́tàlì tí ìjọba Èkó fi ń gba ìwé lọ́wọ́ ará ìlú máa sọ fún ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ orí tábìlì tí ìwé rẹ̀ wà, ọjọ́ tó ti dé ibẹ̀, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ kọ́ ilé tuntun, mi ò sì ní kí ẹ gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́. Ohun tí mo ń bèèrè ti wà nínú kọ̀ǹpútà yín tẹ́lẹ̀. Àwa tí ọ̀rọ̀ kàn ni kò rí i.

Réjísírì ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí yóò ka lẹ́tà yìí lè má mọ̀ ọ́n. Ní réjísírì, fáìlì kì í rìn láìsí ẹ̀rí. Bí ìwé bá wọlé, a ó lu òǹtẹ̀ ọjọ́ tó dé sí i lára, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó so ó mọ́ inú fáìlì, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan kí mẹ́sẹ́ńjà tó gbé e jáde. Ọ̀gá tó bá gbà á yóò kọ èrò rẹ̀ sí ojú ewé mínìtì, yóò buwọ́ lù ú, yóò kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá fẹ́ kí á gbé e padà wá fún òun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, yóò kọ B.U. àti ọjọ́ tó fẹ́ ẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, yóò kọ P.A. Bí kò bá sì mọ ohun tí yóò ṣe sí i, yóò kọ K.I.V., ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú ti sùn tí wọn ò jí mọ́.

Mi ò sọ pé ayé ìgbà yẹn dára. Fáìlì a máa sọnù, a sì máa padà wá lójijì bí ọwọ́ ẹni tó ni ín bá ti lọ sápò. Mẹ́sẹ́ńjà a máa bèèrè owó omi kó tó gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá tuntun bá dé, tó sì ṣí fáìlì náà, ojú ewé mínìtì yóò jẹ́rìí. Yóò rí i pé ọjọ́ mẹ́ta ni fáìlì lò lọ́wọ́ Lágbájá, ó sì lo oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ Làmọ̀rín. Làmọ̀rín ò lè sọ pé òun ò rí i, nítorí ìbuwọ́lù rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gbàgàdà.

Mi ò sì kọ̀wé yìí láti bá kọ̀ǹpútà jà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìwọ́de EndSARS, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Ìgbóṣeré ní Erékùṣù Èkó, tòun ti ìwé ẹjọ́ àwọn èèyàn. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ réjísírì rí kò ní í gbọ́ ìròyìn yẹn kí ara rẹ̀ má bù máṣọ. Ìwé tó bá wà níbi kan ṣoṣo, ìṣáná kan ló ń retí. Mo sì mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Nígbà kan, inú oòrùn ni wọ́n ti ń to sí ìlà láti wá fi hàn pé àwọn ò tíì kú, àwọn mìíràn sì ṣubú lórí ìlà náà. Lónìí, PTAD, àjọ tó ń bójú tó àwọn tó wà lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ti ṣe é tí arúgbó fi lè jókòó sílé, kó gbé fóònù sójú, kí ẹ̀rọ sì jẹ́rìí pé ó wà láàyè. Ẹni tó bá ní kí á padà sí ìlà yẹn, ọ̀tá àgbà ni.

Àbújá ti mú ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2025 tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí iṣẹ́ ọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ bébà. Èkó náà ò kẹ̀rẹ̀: ẹ ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ní yóò tó 6,000 kìlómítà, orí ayélujára ni àjọ LIRS ti ń gba ìwé owó orí, káàdì Cowry ni a sì fi ń sanwó ọkọ̀ BRT. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Àmọ́ nígbà tí a kó fáìlì wọ inú kọ̀ǹpútà, ohun kan wà tí a fi sílẹ̀ sórí bébà, òun ni ojú ewé mínìtì.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni pọ́tàlì ní fún ará ìlú báyìí: Pending. Kò lórúkọ, kò lọ́jọ́, kò ní ìbuwọ́lù. K.I.V. pàápàá sàn jù ú lọ, nítorí èèyàn ẹlẹ́ran ara ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìyẹn.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbí, aṣọ ló ń tà ní ọjà Ìkòtún. Ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fẹ́ kí orúkọ lórí ìwé ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ yí padà. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì tó bá a ṣe é, mi ò sì ní sọ bóyá ti ìpínlẹ̀ ni tàbí ti àpapọ̀. Wọ́n ní orí ayélujára ni gbogbo rẹ̀. Ó sanwó, ó rí rìsíìtì, ó rí nọ́ńbà, ó sì rí Pending. Ó ń wò ó láàárọ̀, ó ń wò ó lálẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí n bá òun débẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà wa: kẹ̀kẹ́ títí dé Ìdímù, dáńfó títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, òmíràn dé Ìyànà-Ìpájà, kí a tó wá bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Nígbà tí a débẹ̀, ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì sọ fún wa tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Màmá, a kì í ṣe é níbí mọ́ o. Orí pọ́tàlì ni. Ẹ padà sílé, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.” Pọ́tàlì fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, bí ìdádúró bá wà, kí á lọ sí ọ́fíìsì tó sún mọ́ wa jùlọ.

Ẹ má ṣe bínú sí ọmọbìnrin yẹn. Mo wo ojú rẹ̀. Òun náà ò mọ ibi tí ìwé náà wà. Ohun tí èmi ìbá fi ìwé ńlá kan wá rí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà ayé mi, òun tó ní kọ̀ǹpútà níwájú kò lè rí i, nítorí wọn ò ṣí ojú ibẹ̀ fún irú ipò tó wà.

Àmọ́ ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Bí a ti ń jáde ní géètì ni arákùnrin kan tọ̀ wá wá. Ó ní kí ìyá fún òun ní nọ́ńbà rìsíìtì. Ó tẹ ẹnì kan láago, ó rìn sẹ́yìn díẹ̀, ó sì padà wá sọ orí tábìlì tí ìwé náà wà, irú ọ̀gá tó wà níbẹ̀, àti iye tí yóò gbé e kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Ohun tí ìjọba kò sọ fún ẹni tó san owó ìjọba, ẹni tó dúró lẹ́bàá géètì ló ń tà á. Orúkọ tábìlì yẹn gan-an ni ọjà rẹ̀. Bí pọ́tàlì bá ti ń sọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ni arákùnrin yẹn ó tún tà?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀gá máa ń sọ sí èyí. Wọ́n á ní, bí a bá fi orúkọ òṣìṣẹ́ hàn, àwọn èèyàn yóò máa wá a kiri, wọn yóò máa mú àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ bá a nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn ìbá bọ́ sí i bí ó bá jẹ́ pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ò rí ọ̀nà dé ibẹ̀ nísinsìnyí. Ó ń rí i, aláìmọ̀kan nìkan ni kò mọ ọ̀nà. Bí ó bá sì jẹ́ ààbò òṣìṣẹ́ ló ká yín lára, ẹ má kọ orúkọ àbísọ. Ẹ kọ ipò rẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ àti nọ́ńbà tábìlì rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì ọ̀gá tó ń bójú tó o sí i. Ní Estonia, níbi tí gbogbo ayé ń sáré lọ kọ́ iṣẹ́ ìjọba orí ayélujára, ọmọ ìlú lè wọlé sórí pọ́tàlì kó sì rí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ṣí àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wò àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Wọn ò rò pé ìtìjú ni kí ìránṣẹ́ ìlú mọ̀ pé ìlú ń wo òun.

Ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n tilẹ̀ ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣe òfin kan tó dá ọjọ́ fún àwọn iṣẹ́ kan tí ará ìlú lè wá bèèrè lọ́dọ̀ ìjọba. Òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́ kí ọjọ́ yẹn kọjá láìnídìí, ìtanràn rúpíì 250 ni lójúmọ́, títí dé 5,000, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì san án, kì í ṣe àpò ìjọba. Owó yẹn ò pọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè bu ìtanràn fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni náà. Òfin yẹn fúnra rẹ̀ ló fi ipá mú wọn láti máa kọ orúkọ tábìlì.

Àwa náà ti gbìyànjú rí. Ní 1974, Olóyè Jerome Údójì àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ fi àbájáde ńlá jẹ́ ìjọba lórí bí iṣẹ́ ọba ṣe gbọ́dọ̀ yí padà, kí a máa fi àṣeyọrí wọn òṣìṣẹ́. Owó Údójì ni gbogbo èèyàn rántí. A ra rédíò, a ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin, ìyókù ìwé náà sì lọ sí K.I.V. Ní 2004, Ọbásanjọ́ gbé SERVICOM dé, pẹ̀lú àdéhùn tí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan kọ sí ara ògiri: iṣẹ́ yìí, ọjọ́ mélòó. Àwọn ògiri yẹn ṣì wà. Mo rí ọ̀kan tí kòkòrò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó pa ètò yẹn ni pé àdéhùn wà lára ògiri, fáìlì wà nínú yàrá, kò sì sí ohun tó so méjèèjì pọ̀. Kọ̀ǹpútà lè so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ohùn sókè: bí ọjọ́ tó wà lára ògiri bá ti kọjá, kí ìwé náà fúnra rẹ̀ fò lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ará ìlú sì rí i pé ó ti débẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn odi wa pàápàá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, láti 2020 ni pọ́tàlì ìjọba wọn ti wà. Ọmọ Kétu tàbí Pọ̀bẹ̀ tó ń gbé ní Kùtọnu lè gba ìwé tó ń jẹ́rìí pé kóòtù ò dá a lẹ́bi rí láìkúrò níbi tó jókòó sí. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìṣẹ̀rí, torí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kù. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́ nìkan, ìjọba Èkó sì jiyàn nígbà náà pé wọ́n dín iye wa kù. Nínú èrò tó tó báyìí, àwọn tó lè fúnra wọn kún fọ́ọ̀mù lórí fóònù kò tó bí àwọn tó kọ́ pọ́tàlì ṣe rò. Ẹni tó ń bá wọn kún un ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà nítòsí wa tó jẹ́ ọmọlúwàbí gidi. Ìmeèlì rẹ̀ ló ń lò fún ọ̀pọ̀ oníbàárà tí kò ní tiwọn, ó sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo wọn sínú ìwé kékeré kan tó ń fi sínú dúrọ́ọ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn tó ń jẹ́ NIN, ọjọ́ ìbí wọn, nọ́ńbà báńkì wọn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí èmi wọṣẹ́ ọba, wọ́n mú mi búra pé mi ò ní tú àṣírí ìwé tí mo bá rí. Ọmọ yìí ń rí ju ohun tí mo rí lọ, kò sì sẹ́ni tó mú un búra. Òfin Ààbò Dátà ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tó wá sọ fún un pé ó kan òun. Ní Rwanda, irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni pọ́tàlì wọn tó ń jẹ́ Irembo gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí aṣojú: wọ́n mọ̀ wọ́n, wọ́n sì mọ iṣẹ́ tí wọ́n lè bá èèyàn ṣe. Ẹ̀yin náà lè ṣe é. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń bá yín ṣiṣẹ́, ẹ kàn ò tíì mọ̀ wọ́n ni.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì wa náà tún wà. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Ìṣẹ̀rí ni Olófin Ògúnfúnminíre tẹ̀dó sí kí ìran rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́tà àti Ìdó. Ìlú tí ìtàn ní ó ṣáájú Èkó fúnra rẹ̀ ni, síbẹ̀ bí a bá tẹ Ìṣẹ̀rí sínú àwọn fọ́ọ̀mù kan, Ìṣẹ̀rí tó wà lápá Òjódù ni yóò gbé jáde, tàbí Ìṣẹ̀rí-Ọ̀ṣun. Ìwé tó bá lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ní í sọ fún ẹni tó ni ín. Yóò kàn wà ní Pending.

Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ ìbí kì í ṣe ẹjọ́ yín tààrà, nítorí NIMC, àjọ tó ni NIN, Àbújá ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì yín ló ń dá ìwé padà nítorí pé orúkọ NIN àti ti ìwé mìíràn ò bára mu. Ọ̀kan kọ Lánrewájú, èkejì kọ Ọláńrewájú, ẹ̀rọ sì ní èèyàn méjì ni. Bí ọjọ́ ìbí ló yàtọ̀, àtúnṣe rẹ̀ tó jẹ́ ₦16,340 tẹ́lẹ̀ ti di ₦28,574 láti 2025. Ìyẹn lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ₦85,000 tí ẹ̀yin ń san fún òṣìṣẹ́ tó kéré jùlọ lóṣù. Àwọn tí a bí nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ ni ìyà yìí ń jẹ jù, ọwọ́ akọ̀wé tó kàn fojú díwọ̀n ọjọ́ orí wọn ni àṣìṣe náà sì ti wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín níhìn-ín kéré: bí òṣìṣẹ́ bá dá ìwé padà nítorí irú èyí, kó kọ ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn, lédè Yorùbá bí ẹni náà bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ ẹni tó dá a padà. “Invalid” kì í ṣe ìdáhùn fún àgbàlagbà.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni “sẹ́fà ò sí”. Mi ò ní kí iná má lọ, mi ò ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já. Nàìjíríà la wà. Ṣùgbọ́n ní réjísírì, bí ọ̀gá ò bá sí lórí àga, a ṣì máa ń gba ìwé, a ó sì lu òǹtẹ̀ sí i pé ó dé lónìí. Ẹni tó bá wá lọ́jọ́ tí sẹ́fà ò sí gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé kan tó ní ọjọ́ àti òǹtẹ̀, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí sẹ́fà bá dé. Kó má jẹ́ pé òun ni yóò tún padà wọ dáńfó.

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí gbogbo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò wó. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kó jẹ́ èyí tí ìráhùn rẹ̀ pọ̀ jù, bóyá àyípadà orúkọ lórí ìwé ilé tàbí ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ẹ fi tábìlì hàn fún oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí àwọn akọ̀wé fúnra wọn wà níbi tí ẹ ó ti ṣètò rẹ̀, nítorí àwọn ló mọ ibi tí ìwé máa ń há sí, àwọn mìíràn nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́ta, ìdádúró náà kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn nígbà gbogbo. Bí tábìlì kan bá ní ìwé tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, yóò hàn sí yín náà, ẹ ó sì mọ ibi tí òṣìṣẹ́ kù sí.

Mo ti kọ ìwé mìíràn sí ọ́fíìsì yín lọ́tọ̀, lábẹ́ òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, èyí tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ohun tí mo bèèrè nínú rẹ̀ ni iye ìwé tó ti wà ní Pending ju oṣù mẹ́ta lọ lórí pọ́tàlì kọ̀ọ̀kan tí ìpínlẹ̀ Èkó ní, àti ẹ̀ka tí wọ́n há sí. Ọjọ́ méje ni òfin fún yín láti fèsì.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ réjísírì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìṣẹ̀rí-Olófin, Alímọ̀ṣọ́